Ogun Ẹlòmíràn ní Òkè-Ìdẹ̀ra

Kí alága tó pe orúkọ rẹ̀, Baba Ikúmápàyí ti ń gun pèpéle, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Ó ní nínú ogun tó ń lọ lókè òkun, Sẹlidónì ló ń borí. Ó ní ẹni tí kò bá tíì rí i pé Sẹlidónì ló ń borí, kí ó lọ bọ́jú kó tó padà wá sí oríta. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ń tàn, Ẹlẹ́rìí, òpó ẹ̀rọ tó dúró láàárín oríta, sì gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Lójú pátákó tó ń ka ẹ̀rí ìlú, ìlà Sẹlidónì gùn sí i díẹ̀. Àwọn tó jókòó lápá òsì hó yèè, àwọn tó wà lápá ọ̀tún pòṣé.

Ọmọ́yẹlé wà níwájú lápá ọ̀tún, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ àyà. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé òun ló máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ ló mọ́lẹ̀ jù ní ìlú. Obìnrin tó jókòó tì í ti ń kí i kú oríire láti àárọ̀, bí ẹni pé Hárúmà ti gba ife ẹ̀yẹ. Ọmọ́yẹlé kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń yí ìjókòó rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀ rárá.

Ká sọ tòótọ́, ìlú wa ti ya wèrè lórí ogun yìí. Bí àjèjì bá gba Òkè-Ìdẹ̀ra kọjá lásìkò náà, yóò rò pé àwa gan-an là ń ju bọ́ǹbù. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi kọ ọ́ sára ògiri pé orí alátìlẹ́yìn Hárúmà nìkan lòun ń gẹ̀. Tọkọtaya kan ní ìsàlẹ̀ ìlú ti pín yàrá, nítorí ọkọ sọ pé ọkọ̀ òfuurufú Sẹlidónì ò lè fò nínú yìnyín. Àwọn ọmọdé ń fi orúkọ àwọn ọ̀gágun pe ara wọn, wọn ò sì lè pe orúkọ náà bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀, láàárín gbogbo àwa tí à ń pariwo yìí, àwọn tó lè fi ìka kan ọ̀kan nínú ilẹ̀ méjèèjì lórí àwòrán ayé ò pọ̀. Ìyá tèmi, alátìlẹ́yìn Hárúmà paraku, àárín òkun ló máa ń nawọ́ sí.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Alága ìjókòó, Ọlátórera, ọ̀dọ́mọbìnrin agbẹjọ́rò tí kì í gbóhùn sókè, dìde ó tún un ṣàlàyé fún àwọn tó pẹ́ dé. Ó nawọ́ sí agbòòrùn ìlú tó wà lókè orí wa. Gbogbo wa gbójú sókè bí ẹni tí kò rí i rí: aṣọ fàdákà gbàràmù-gbaramu tó bo ìlú láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, tó ń rọra yí tẹ̀ lé oòrùn lórí àwọn òpó rẹ̀. Láti ìgbà tí òkun ti lé àwọn bàbá wa gun òkè yìí, abẹ́ rẹ̀ là ń gbé. Níbi tí ibòji rẹ̀ parí sí, ilẹ̀ gbóná débi pé bàtà ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọlátórera ní ojú tó ń bá agbòòrùn náà wo ìjì àti oòrùn láti òfuurufú, ti Hárúmà àti ti Sẹlidónì ni, wọ́n sì ti jọ ń bá wa ṣe é tipẹ́. Ní báyìí àwọn méjèèjì ti ránṣẹ́ pé ká mú ẹnì kan. Ẹni tí a bá mú, ọwọ́ rẹ̀ ni agbòòrùn máa wà pátápátá. Ẹni tí a kò bá mú, yóò ká okùn rẹ̀ kúrò lórí wa tí oòrùn bá wọ̀ lónìí, títí kan okùn ìpè. Bí apá kan lára pátákó bá kọjá ìdajì, a ti mú un nìyẹn.

Ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn pé tí a bá wá mú ẹni tó máa pàdánù ńkọ́.

"Ẹ bi àwọn ará Orí-Àpáta," ni Ọlátórera wí. "Ọjọ́ tí ìlú tó di agbòòrùn wọn mú ṣubú, ọ̀sán gangan ni agbòòrùn náà ká ara rẹ̀ kò. Títí dòní, kò sẹ́ni tó rí i ṣí."

Àwọn ará Orí-Àpáta tó kù, àárín wa níbẹ̀ ni wọ́n jókòó sí.

Okùn ìpè tí alága mẹ́nu kàn yẹn, tí a fi ń bá àwọn ọmọ wa lókè òkun sọ̀rọ̀, ló ń dun ìlú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn tó ń dárúkọ rẹ̀ lórí pèpéle. Ọmọ wa kún Hárúmà, ọmọ wa kún Sẹlidónì. Àwọn ló ń tọ́jú àwọn arúgbó ibẹ̀, tí wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, tí wọ́n ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ, nítorí àwọn onílẹ̀ ò bímọ tó mọ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Hárúmà á ní Hárúmà ló ń borí. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní Sẹlidónì á ní Sẹlidónì ni. Tí o bá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, wọ́n á ní ọmọ àwọn pè láàárọ̀, ó ní kò séwu, ó ní a dúpẹ́. Ẹlẹ́rìí náà á sì gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, nítorí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ò mọ̀ pé ọmọ Yorùbá tí ilé ń jó mọ́ lórí á ṣì sọ fún ìyá rẹ̀ pé a dúpẹ́.

Mosúnmọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọmọ́yẹlé bí, wà ní Hárúmà. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń gun pèpéle, tó ń sọ pé Hárúmà ló ń borí, ìlú sì gbà á gbọ́. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun tó bá sì sọ sábà máa ń ṣẹ. Ẹlẹ́rìí, tó ń wọn ẹnu oníkálùkù bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣe ń jóòótọ́ sí, ti wọn tirẹ̀ títí ó fi wúwo ju ti odidi àdúgbò kan lọ. Tó bá tún sọ ọ́ lónìí, ó parí nìyẹn. Hárúmà á kọjá ìdajì, Mosúnmọ́lá á sì máa pe ìyá rẹ̀ láràárọ̀ bó ṣe ń pè é. Ohun tí kò jẹ́ kí Ọmọ́yẹlé lè jókòó jẹ́ẹ́ ni pé òun fúnra rẹ̀ ò gbà á gbọ́ mọ́.

Pupurù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fi èéfín yan, ló fà á. Mosúnmọ́lá ò fẹ́ràn pupurù rí láyé rẹ̀. Láti kékeré ló ti máa ń ní ó ń rùn bí èéfín, tó máa ń tì í síwájú bàbá rẹ̀ kí bàbá náà tó kú. Ọmọ yìí kan náà ló wá ń bẹ ìyá rẹ̀ láti ìgbà díẹ̀ pé kó gbé dígí ìpè sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, kí òun lè máa wò ó bó ṣe ń rò ó. Inú Ọmọ́yẹlé dùn lákọ̀ọ́kọ́. Ó rò pé àárò ilé ló ń sọ ọ́. Á máa ro pupurù, á máa ṣàlàyé iye ata tó wà nínú ọbẹ̀ ẹja, ọmọ á ní kó tún un sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìjókòó yìí ló bu òkèlè sẹ́nu, ó gbójú sókè, ó sì rí i pé ọmọ òun náà ń gbé nǹkan mì. Kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Mosúnmọ́lá sáré fi ọwọ́ bo ẹnu, ìyá rẹ̀ sì rí i pé òrùka ọwọ́ ọmọ náà ti kúrò lórí ìka tó ń gbé, ó ti wà lórí àtàǹpàkò.

Ọmọ́yẹlé bi í pé ṣé ó ń jẹun.

"Mò ń jẹun, Mọ́mì. A dúpẹ́. A ti ń borí."

Ìyẹn ló gbé wá sí oríta. Àti ìgbà tó ti jókòó ló ti ń rò ó pé ibi tí oúnjẹ ti tán kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń borí.

Nígbà tí Baba Ikúmápàyí sọ̀rọ̀ tán, Ẹlẹ́rìí ti gbóná, alága sì ní kí gbogbo ènìyàn sinmi díẹ̀ kí ẹ̀rọ lè tutù. Ọmọ́yẹlé bọ́ sí ẹ̀yìn táǹkì omi. Baba náà wà níbẹ̀, ó ń bu omi sórí. Ẹ má jẹ́ kí ariwo orí pèpéle tàn yín jẹ. Ògiri kan ló pààlà ilé àwọn méjèèjì, Ọmọ́yẹlé ló sì ń se ọbẹ̀ fún un láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí.

"Ìyá Mosún," ni Baba wí, "ṣé o ti ṣe tán láti wá gbé mi ṣánlẹ̀?"

Ọmọ́yẹlé ò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó kó o sínú garawa tó ṣófo, ó fi gèlè dé e kí Ẹlẹ́rìí má bàa gbọ́ wọn. Baba wò ó, lẹ́yìn náà òun náà bọ́ tirẹ̀.

"Akínbọ̀dé ńkọ́, Baba?" Ọmọ Baba tó wà ní Sẹlidónì ló ń béèrè.

"Ó wà. Ó ní kí n máa kí yín. Kò séwu."

"Ìgbà wo lẹ rí ojú rẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Baba tún bu omi sórí. Omi ń ro láti irùngbọ̀n rẹ̀ sí àyà, kò sì nù ún.

"Ó ní dígí òun ò gbé àwòrán mọ́," ló wí nígbà tó yá. "Ohùn nìkan ni mò ń gbọ́. Ohùn náà gan-an dà bí ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Mò ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo bi í pé ibo ló wà, ó ní ilé ni. Ọmọ mi ò gbé pẹ̀lú ẹnikẹ́ni." Ó fi ọwọ́ di etí táǹkì mú. "Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Tí wọ́n bá ká okùn yẹn, ohùn tí mò ń gbọ́ náà lọ nìyẹn."

"Ebi ń pa Mosún," ni Ọmọ́yẹlé wí. Kò tíì sọ ọ́ jáde rí títí di ìgbà yẹn.

Ní oríta, wọ́n ń kọ orin Sẹlidónì, àwọn ti Hárúmà sì ń pàtẹ́wọ́ kí orin náà má bàa gbọ́. Ọmọ́yẹlé ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé kò sí ọ̀kan tó ń borí, àti pé èyíkéyìí tí ìlú bá dì mọ́, bí ti Orí-Àpáta ló máa ṣe é. Baba ní bóyá, bóyá kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí Ọmọ́yẹlé ò retí. "Sọ Hárúmà. Mi ò ní bínú sí ọ. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú wa á máa gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀."

Ká ní ó bú u ni, ì bá rọrùn. Ọmọ́yẹlé mú ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó kọ́ ọ sọ́rùn, kò sì lè wo ojú Baba. Ó fẹ́ sọ Hárúmà. Ó fẹ́ ẹ débi pé orúkọ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ nígbà tí agogo lù.

Nígbà tó gun pèpéle, apá ọ̀tún dìde fún un. Ó dúró títí wọ́n fi jókòó. Ó ní léraléra ni òun ti sọ ọ́ níbí pé Hárúmà ló ń borí, àti pé ohun tí ọmọ òun sọ fún òun ni òun sọ fún ìlú. Ó wá ní òun fẹ́ béèrè nǹkan kan.

"Tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá pè, tí wọ́n ní ilé ńkọ́, kí lẹ máa ń sọ fún wọn?"

Ó wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún, kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Nígbà tí agbòòrùn ya lápá ìsàlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí oòrùn pa Bàbá Lará, ẹ̀gbọ́n mi, Mosún béèrè rẹ̀. Mo ní ó rìnrìn àjò. Ó ṣì máa ń ní kí n bá òun kí i. Mo máa ń sọ fún un pé Bàbá Lará ní òun náà ń kí i."

Obìnrin kan lápá òsì fi ìborùn bo ojú. Ọmọ́yẹlé ní bí àwa ṣe ń sọ fún wọn ni àwọn náà ń sọ fún wa, orí ìyẹn la sì gbé gbogbo ariwo yìí kà.

Ẹlẹ́rìí ò mọ ojú ẹkún. Ó fi ohùn pẹlẹbẹ rẹ̀ béèrè pé, "Ta ló ń borí? Hárúmà tàbí Sẹlidónì?"

"Mi ò mọ̀."

"Kò sí àyè fún èsì yìí. Ta ló ń borí? Hárúmà tàbí Sẹlidónì?"

Ọmọ́yẹlé wo pátákó. Ìlà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìdajì sì wà lókè orí wọn. Ó ro àárọ̀ ọ̀la, dígí tí kò ní tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó gbé ọwọ́ lọ sẹ́yìn ọrùn, ó tú ìkọ́ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀.

"Mo gbé ẹnu mi kalẹ̀," ló wí.

Ọlátórera fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Tí ẹ bá gbé e kalẹ̀, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ní oríta yìí mọ́ láyé yín. Kò sì sí apá tó máa dé ìdajì láìsí tiyín. Okùn méjèèjì ló máa lọ."

"Mo mọ̀."

"Ọwọ́ la máa fi máa yí agbòòrùn, mà. Kò sí ojú tó máa bá wa wo ìjì."

"Àwọn bàbá wa fi ọwọ́ yí i," ni Ọmọ́yẹlé wí, ó sì gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà sí ẹsẹ̀ Ẹlẹ́rìí. Ìmọ́lẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀ náà kú pii.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìlú yìn ín. Obìnrin tó ti ń kí i kú oríire láti àárọ̀ ló kọ́kọ́ pariwo. Ó ní, "Ìyá Mosún, o ti pa mí. Gbogbo ọmọ tí mo bí, ibẹ̀ ni wọ́n wà." Àwọn ọkùnrin kan láti apá méjèèjì, tí wọn ò kí ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́, para pọ̀ láti bú u. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń rẹ̀, èébú náà ò sì lè pẹ́, nítorí ojú gbogbo wọn ti ń lọ sílé. Baba Ikúmápàyí ló kọ́kọ́ dìde. Ó gbàgbé ọ̀pá rẹ̀ sórí ìjókòó, ó ń fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Kò pẹ́ tí oríta fi ṣófo.

Ọmọ́yẹlé gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí wọ́n má bàa dá a dúró. Kò jókòó kó tó tan dígí. Mosúnmọ́lá gbé e lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tó ti fi ọwọ́ lé e tipẹ́. Kò kí ìyá rẹ̀. Ó ti sunkún, ojú rẹ̀ ti wú.

"Mọ́mì, Bàbá Lará ti kú?"

Ẹnu ya Ọmọ́yẹlé. Ó bi í pé ta ló sọ fún un.

"Mò ń wò yín. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gun pèpéle ni mo máa ń wò yín níbí."

Ọmọ́yẹlé fi ọwọ́ di tábìlì mú. Ó ní kó máa bínú, ó ní òun ò fẹ́ kó máa dá nìkan sunkún nílẹ̀ àjèjì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ebi ń pa ọ́."

Mosúnmọ́lá la ẹnu láti sọ ohun tó máa ń sọ. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì." Ó ní àwọn arúgbó tí òun ń tọ́jú ti kú tán, ebi ló pa wọ́n, wọ́n ṣì wà nínú yàrá wọn. Ó ní ọkọ̀ ojú omi ti ń kó àwọn àjèjì lọ, àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ sì ti bá a lọ pátá.

"Kí ló wá dá ìwọ dúró?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà ò yé.

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì. Ẹ ní a ń borí. Gbogbo èèyàn níbí ń sọ pé ó ti tán, mo ní rárá, ìyá mi kì í sọ ohun tí kò ní ṣẹ. Mo ní kí n ní sùúrù."

Láti ẹ̀yìn ògiri, Ọmọ́yẹlé ń gbọ́ ohùn Baba Ikúmápàyí tó ń pe Akínbọ̀dé, tó ń pè é, tó tún ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú fèrèsé ti pọ́n. Ó bi Mosúnmọ́lá pé ṣé ọkọ̀ ṣì kù.

"Ọ̀kan ṣì wà. Alẹ́ òní ló ń lọ. Àmọ́ wọ́n ní wọ́n ń yìnbọn sí i lójú omi, wọ́n ní èyí tó lọ kẹ́yìn ò dé ibi tó ń lọ. Tó bá jẹ́ pé Hárúmà ṣì lè borí, ó sàn kí n sá pamọ́ síbí." Ó sún mọ́ dígí títí ojú rẹ̀ fi kún un. "Ẹ má purọ́ fún mi mọ́. Ta ló ń borí? Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n dúró?"

Ọmọ́yẹlé ò mọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi mọ̀ pé òun ò mọ̀.

"Máa lọ," ló wí.

Ojú Mosúnmọ́lá ṣì wà nínú dígí, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mì mọ́. Níta, oòrùn ti wọ̀. Ọmọ́yẹlé ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà kọjá kí okùn tó já tàbí kò kọjá. Ó tún un sọ, ó gbóhùn sókè ju bó ṣe gbé e rí ní oríta lọ, ó ní kó máa lọ, kó má dúró de ẹnikẹ́ni. Ó wá fi etí lé dígí tó ti ń tutù náà, ó ń retí bóyá ọmọ á dáhùn.